Pátákó Bísí àti Garawa Iyanrìn Mi

Ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé ni ọjọ́ tí ẹ̀rọ tó ń bá adìẹ mi sàba gbóná bí ààrò, tí ẹyin inú rẹ̀ fẹ́ẹ́ jinná. Bísí ọmọ mi, tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní yunifásítì, yọ ọpọlọ kékeré tó ń darí ẹ̀rọ náà, ó fi pátákó oníwáyà kan tó so mọ́ kọ̀ǹpútà rọ́pò rẹ̀, kó lè rí ibi tó bàjẹ́. Ni iná pupa bá tàn lórí pátákó. Iná ti jó ṣọ́ọ̀bù mi ní Sábó rí, mo bá sáré gbé garawa iyanrìn.

“Bàbá, ẹ rọra. Pátákó ló ń sọ pé òun ti rí àṣìṣe náà. Ẹ̀rù yín nìkan ni n kò lè tún ṣe.”

Ó tún ẹ̀rọ ṣe, àmọ́ garawa mi kò kúrò nítòsí. Ọjọ́ tí àwọn òròmọdìẹ yọ ni mo tó da iyanrìn náà sílẹ̀. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣeré.