Oríkì Ilé Wa Lẹ́nu Bísóyè

Mo ń nu ewé eéran fún mọ́ínmọ́ín lójúde ilé mi. Mo ti nu ọgọ́ta, ó ku ogún, nígbà tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ilé ìkàwé ké wìì, tí ọkùnrin kan sì ń ka ení, èjì, ẹ̀ta sínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni obìnrin kan gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wúkọ́ díẹ̀, ó sì ki oríkì láti fi dán ohùn rẹ̀ wò. Ìlà méjì péré ló kì. Ewé bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti gbọ́ ohùn yẹn kẹ́yìn lójúkojú. Mo ti gbọ́ ọ lórí rédíò lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà náà, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni mo sì pa rédíò. Ohùn Bísóyè ni. Oríkì ilé wa ló sì ń kì.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ilé ìkàwé tí ẹ mọ̀ ní Ìlá ní fèrèsé onígíláàsì, iná rẹ̀ sì ń ti ara oòrùn wá. Nígbà tiwa, yàrá kan ṣoṣo ni, lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kọ́bọ́ọ̀dù méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan kò ní ilẹ̀kùn, ìkán sì ti jẹ ẹsẹ̀ èkejì, tíṣà wa fi bíríkì méjì gbé e ró. Ìwé inú wọn kò tó igba. Mo mọ̀, nítorí èmi ni mo máa ń gbọn eruku ara wọn ní ọjọ́ Ẹtì. Títí di òní, bí mo bá ṣí àpótí tí aṣọ ti pẹ́ nínú rẹ̀, òórùn yàrá yẹn ló máa ń kọlu imú mi: òórùn ìwé tí òjò ti pa rí, àti káfúrà, àti igi bẹ́ǹṣì tí ìdí àwọn ọmọ ti dán kọrọkọrọ.

Bí ọyẹ́ bá ti dé, gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni tíṣà wa máa ń kó wa jọ síbẹ̀ fún àṣà. Ọkùnrin gíga ni, ṣòkòtò rẹ̀ kì í dé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ láéláé. A máa ń pa àlọ́, a máa ń jó, a máa ń kọrin sí agbè. Àwọn ìyá wa kì í wọlé. Wọ́n gbà pé ibi tí ìwé bá wà kì í ṣe ibi tí ènìyàn ń gbé ẹsẹ̀ oko wọ̀. Ojú fèrèsé ni wọ́n máa ń tò sí, wọn á sì máa gbe orin láti ìta, ohùn wọn á sì bo tiwa mọ́lẹ̀.

Àṣà kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Bí ọmọ kan bá ki oríkì ilé rẹ̀ tán, kò gbọ́dọ̀ jókòó kí wọ́n tó fi nǹkan sí i lẹ́nu, ẹ̀pà díẹ̀ tàbí ègé àkàrà. Tíṣà wa ní ẹnu tó bá sọ̀rọ̀ ilé kì í padà ní gbígbẹ. Nítorí ẹ̀pà yìí ni àwọn kan nínú wa ṣe kọ́ oríkì. Ọmọkùnrin kan ki ti ilé bàbá rẹ̀, ó ki ti ilé ìyá rẹ̀, ó sì ń wá ẹni tí yóò kọ́ ọ ní ti ilé ìyá ìyá rẹ̀ kí ẹ̀pà tó tán.

Ilé Onígbá ni wọ́n ń pe agboolé wa. Ìyá àgbà tó bí bàbá mi ló ní oríkì lẹ́nu níbẹ̀. Bí ó bá ń bó ẹ̀gúsí, á máa kì í díẹ̀díẹ̀, á dúró kí n gba ìlà kan kó tó fún mi ní èkejì. Ibi tí mo fẹ́ràn jù nìyí:

Ọmọ a-rí-ìgbín-má-jẹ.
Lọ́jọ́ tí òùngbẹ gbẹ wá nínú igbó,
ìgbín ló bomi fún wa mu.
Ẹni tó bomi fún ni mu, a kì í fi í sebẹ̀.

Ogun ló lé àwọn baba wa wọ inú igbó, wọn kò rí omi, omi ara ìgbín ni wọ́n mu tí wọn kò fi kú. Nítorí náà ni ọmọ Ilé Onígbá kì í fi jẹ ìgbín. A lè sè é fún ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n a kì í tọ́ ọ wò.

Ilé Olókè ni Bísóyè ti wá, ògiri kan ló sì pín agboolé wọn níyà sí tiwa. Ìyá rẹ̀ ń kiri aṣọ láti ọjà dé ọjà, ó lè má wálé fún ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí náà ilé wa ni Bísóyè ti ń jẹun jù. Bí ìyá àgbà bá ń kọ́ mi, òun náà á wá jókòó, á máa bá wa bó ẹ̀gúsí, èyí tó ń jẹ a sì máa pọ̀ ju èyí tó ń bó lọ. Ohùn rẹ̀ dùn. Tèmi náà kò burú, ṣùgbọ́n bí mo bá ti rí ojú tó ju mẹ́ta lọ, ohùn mi a sá pamọ́. Ìyá àgbà máa ń wò mí, á ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé inú ikùn lo ń kó oríkì sí ni?"

Nígbà tí a wà ní ìwé karùn-ún, àwọn òṣìṣẹ́ rédíò gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ wá sí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì wa. Ọmọ tó bá mọ̀ ọ́n kì jù, wọn yóò gbé ohùn rẹ̀ sáfẹ́fẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ìyá àgbà fi múra mi sílẹ̀. Lọ́jọ́ náà, orúnkún ń dùn ún, kò lè wá.

Wọ́n pe Bísóyè ṣáájú mi. Ó dìde, ó kí àwọn àgbà, ó sì ki oríkì ilé wa láti orí dé ìdí. Kò fo ìlà kan. Ohun kan ṣoṣo ló yí padà: ibi tí a ti ń sọ pé ọmọ Onígbá, ọmọ Olókè ló sọ. Àwọn ìyá tó wà lójú fèrèsé pàtẹ́wọ́ títí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pè mí. Mo la ẹnu, mo bẹ̀rẹ̀ ìlà àkọ́kọ́, tíṣà wa sì juwọ́ sí mi. "Jókòó, jókòó. Ṣé o fẹ́ máa sín Bísóyè jẹ ni?" Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. N kò sọ fún un pé tèmi ni. Mo wo Bísóyè. Ó ń jẹ ẹ̀pà.

Láti inú rédíò aládùúgbò ni ìyá àgbà ti gbọ́ ọ. Ó gbọ́ ọ tán pátápátá kó tó yíjú sí mi. Ó ní, "Ìwọ ńkọ́? Níbo lo wà?" Kò kọ́ mi ní oríkì mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Kó tó di pé iṣu tuntun jáde, ó ti kú.

Àbúrò bàbá Bísóyè kan tó wà ní Ìbàdàn gbọ́ rédíò náà, ó wá mú un lọ síléèwé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ló gbà di Màmá Àṣà tí wọ́n ń pè kiri Èkó. Èmi parí ìwé mẹ́wàá, mo kọ́ iṣẹ́ oúnjẹ sísè, mo sì jókòó sí Ìlá. N kò kórìíra iṣẹ́ mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn, mo tọ́jú rẹ̀ bí mo ṣe ń tọ́jú ọ̀bẹ. Mo ń pọ́n ọn, n kò jẹ́ kó dípẹtà.

Arábìnrin Ṣadé, ọ̀gá ilé ìkàwé, ti sọ fún mi nígbà tó gbé iṣẹ́ mọ́ínmọ́ín fún mi pé ní ìrọ̀lẹ́ àṣà tọdún yìí, wọn yóò ki oríkì ilé kọ̀ọ̀kan níwájú àwọn àgbà. Èyí tí àwọn àgbà bá jẹ́rìí sí, òun yóò kọ ọ́ sínú ìwé ńlá kan tí yóò máa wà ní ilé ìkàwé, pẹ̀lú orúkọ ilé tó ni ín lókè ojú ewé. Ó ní àlejò kan láti Èkó ni yóò ṣí i. Kò dárúkọ àlejò náà, èmi náà kò sì bi í.

Pẹ̀lú ewé nílẹ̀ níwájú mi, gbogbo rẹ̀ wá yé mi. Bí wọ́n bá kọ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn pé ti Ilé Olókè ni, ó parí. Ẹni tó jẹ́ olórí ilé wa báyìí, Èkó ló dàgbà sí, kò mọ ìlà kan. Èmi nìkan ló kù tó mọ ẹni tó ni ín.

Mo nu ogún ewé tó kù. Lẹ́yìn náà ni mo gun ọ̀kadà lọ sọ́jà, mo ra ìgbín méjìlá tó tóbi. Mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ itọ́ ara wọn kúrò, mo gé wọn, mo fi ata àti àlùbọ́sà dín wọn, mo fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ gún wọn ní mẹ́ta-mẹ́ta. Ọmọ mi obìnrin dúró tì mí.

"Màmi, ṣebí mọ́ínmọ́ín ni wọ́n ní kẹ́ ẹ ṣe?"

"Èyí kì í ṣe tiwọn. Tèmi ni."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kì í jẹ ìgbín?"

"Tọ́ iyọ̀ rẹ̀ wò fún mi." Èèwọ̀ ilé bàbá tirẹ̀ ló ń pa mọ́, ìgbín kò sì sí níbẹ̀. Ó tọ́ ọ wò, ó tún mú òmíràn, mo gbá a lọ́wọ́.

Ilé ìkàwé kún. Wọ́n ti ti àwọn pẹpẹ ìwé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n fi aṣọ kíjìpá bo méjì nínú wọn. Àwọn obìnrin elégbè agbè ti jó, àwọn ọmọ iléèwé ti pa àlọ́ tí ìdajì rẹ̀ jẹ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Bísóyè wá dìde. Ó ti sanra, gèlè rẹ̀ ga, ṣùgbọ́n ohùn náà kò darúgbó. Ó ki oríkì ilé wa, ó pè é ní ti ọmọ Olókè. Nígbà tó dé ibi ìgbín, ó fi ọwọ́ bo àyà, àwọn ènìyàn sì kẹ́dùn. Bàbá Alága, tí ó dàgbà jù níbẹ̀, dijú, ó ń mi orí. Arábìnrin Ṣadé ti ṣí ìwé ńlá náà, ó sì ti kọ orúkọ ilé sókè.

Àṣà fífi nǹkan sẹ́nu ẹni tó ki oríkì ṣì wà. Èmi ni mo gbé àwo náà. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ bí olóúnjẹ ṣe ń kúnlẹ̀ fún àlejò pàtàkì.

"Ẹ ṣé o, Màmá," ló wí. Kò mọ̀ mí. Ó jẹ àkọ́kọ́. "Há! Ta ló dín èyí?" Ó jẹ èkejì. Ẹnu rẹ̀ mọ oríkì náà, ikùn rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n.

Bàbá Alága la ojú. "Ọmọ mi, kí lò ń jẹ yẹn?"

"Ìgbín ni, Bàbá. Ẹ jẹ́ n fún yín díẹ̀."

"Ìgbín wo? Ṣé èyí tó bomi fún yín mu?"

Ìyá kan ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn: "Omi ti tán lára rẹ̀, ló bá di ẹran!" Òmíràn gbà á: "Ẹ rọra o, ẹ má jẹ olóore yín tán!" Ẹ̀rín sì gba ilé ìkàwé kan. Bísóyè jókòó pẹ̀lú igi lọ́wọ́ àti ìgbín lẹ́nu, kò lè gbé e mì, kò lè tu ú. Mo wò ó láti bàtà dé gèlè. Inú mi dùn. N kò ní purọ́ fún yín.

"Èmi àti bàbá rẹ ti jọ jẹ ìgbín lóko, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan," Bàbá Alága wí fún un. "Ilé ta ni oríkì yìí?"

Mo dìde lórí ìkúnlẹ̀. "Ilé Onígbá ni, Bàbá. Ìyá àgbà mi ló kọ́ mi." Ohùn mi kò sá pamọ́. Arábìnrin Ṣadé fa ìlà gba orí orúkọ àkọ́kọ́, ó kọ tiwa sí i.

"Ó dáa," ni Bàbá wí. "Olóhun ti dé. Máa kì í, ọmọ mi, kí wọ́n kọ ọ́."

Mo bẹ̀rẹ̀. Mo kì í dáadáa, ìlà mẹ́sàn-án, títí mo fi dé ìdí ọ̀rọ̀ ìgbín. Lẹ́yìn ibẹ̀, n kò rí nǹkan. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, olè ni mo ń rò. Ohun tí olè jí, n kò kì í lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti ọjọ́ tí ìyá àgbà ti dákẹ́. Àwọn ọmọdé gbé fóònù sókè sí mi, wọ́n ń dúró. Lọ́tẹ̀ yìí kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín, ìyẹn sì dùn mí ju ẹ̀rín ti ìjọ́sí lọ. Bàbá Alága ní ó tó, pé yóò padà wá sí mi lọ́kàn. Mo jókòó.

Títí di òní kò tíì wá. Ìwé náà wà ní ilé ìkàwé, ẹ lè lọ wò ó. Orúkọ ilé wa wà lókè, ìlà mẹ́sàn-án wà lábẹ́ rẹ̀, ìyókù ojú ewé funfun. Àwọn ìyá kì í dúró sójú fèrèsé mọ́, iwájú ni wọ́n ń jókòó sí báyìí, pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Kò sí ọmọ tó ń tìtorí ẹ̀pà kọ́ oríkì. Síbẹ̀, àwọn ọmọ Ilé Onígbá tí wọ́n bí sí Èkó tí wọn kò mọ ìlà kan, bí wọ́n bá gbé ìgbín fún wọn, wọ́n á ní àwọn kì í jẹ ẹ́. Wọn kò mọ ìdí. Èèwọ̀ náà ti pẹ́ ju ọ̀rọ̀ tó gbé e wá lọ.

N kò kábàámọ̀ ìgbín yẹn. Bí ọjọ́ náà bá tún padà, màá tún dín in, màá sì fi ata sí i. Nọ́ńbà Bísóyè wà lọ́wọ́ Arábìnrin Ṣadé, ṣùgbọ́n n kò tíì gbà á, nítorí ọ̀rọ̀ tó bá mi sọ kẹ́yìn. Mo ń kó àwo jọ lẹ́nu ilẹ̀kùn ni ó wá dúró tì mí, ó ti nu ẹnu rẹ̀, ó sì ti mọ̀ mí wàyí.

"Ìlà mẹ́rìnlélógún ló kù," ó ní, "gbogbo rẹ̀ ló wà lórí mi. Màá kì í fún ẹ. Ṣùgbọ́n wàá tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi lórí ìkúnlẹ̀, bí o ṣe máa ń mú èmi náà kúnlẹ̀ tọrọ ẹ̀bà, bí ìyá àgbà bá ti jáde nílé."