Ọjọ́ tí Fáìsì Já Lé Bàbá Mi Lẹ́sẹ̀

Ọjọ́ tí a de fáìsì, irin tí a fi ń há nǹkan mú, mọ́ tábìlì iṣẹ́ nílé wa ládùúgbò Mamobi kò lè kúrò lọ́kàn mi. Inú ààwẹ̀ ni. Èyí tó wúwo jù ni Bàbá mi yàn lọ́jà, èmi ni mo sì rù ú wálé.

Wọ́n ní, "Ràṣídì, lu tábìlì já, kí o fi bóòtù àti nọ́ọ̀tì dè é."

Ó ti rẹ̀ mí, ṣùgbọ́n ojú tì mí láti sọ, torí Bàbá fúnra wọn ń gbààwẹ̀. Mo bá fi ìṣó lásán kàn án. Bí Bàbá ṣe há páìpù sí i, tí wọ́n fà á, ìṣó tu, fáìsì já lé wọn lẹ́sẹ̀. Mo kígbe.

Wọ́n wo ìṣó náà. "Ṣé ó rẹ̀ ọ́ ni?"

"Ó rẹ̀ mí, Bàbá."

"Kí ló dé tí o ò sọ? Ṣé fáìsì la fẹ́ fi ṣínu ni?"

Bàbá tiro lọ kírun ọdún. Ká ní wọ́n nà mí ni, ì bá sàn fún mi.