Iyanrìn Nínú Agbada Gàrí

Kò sí irin tó dípẹtà ní Lọ́kọ́ja yìí tí mi ò lè fọ̀ mọ́. Ẹ má pè é ní ìgbéraga, iṣẹ́ mi ni. Mo ti fọ géètì, mo ti fọ táńkì omi, iyanrìn àti afẹ́fẹ́ ni mo sì fi ń fọ gbogbo wọn. Kọ̀ḿpírẹ́sọ̀ á ti afẹ́fẹ́ sínú rọ́bà, afẹ́fẹ́ á gbé iyanrìn lọ́nà, àwọn méjèèjì á wá jọ gba inú nọ́sù kọjá, ìyẹn ẹnu irin tó wà lọ́wọ́ mi. Ìbàdí nọ́sù yẹn tín-ín-rín. Bí afẹ́fẹ́ bá dé ibẹ̀, eré burúkú ló máa sá jáde. Iyanrìn kì í tètè bá a, torí ó wúwo jù ú lọ. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń lo nọ́sù kúkúrú. Èyí tó gùn ló ń fún iyanrìn láyè láti sáré bá afẹ́fẹ́ kó tó kan irin.

Gbogbo ìmọ̀ yìí ti wà lórí mi lọ́dún tí bàbá ọlọ́kọ̀ kan gbé iṣẹ́ wá fún mi. Ará Ìlọrin ni, àmọ́ Old Market ní Lọ́kọ́ja níbí ni wọ́n bí i sí, ọkọ̀ irin kan ṣoṣo ló sì fi ń gbé èèyàn sọdá Odò Ọya. Wọ́n ti wọ́ ọkọ̀ náà gòkè sí etí odò, omi sì ti ń kún. Bàbá ri igi kan mọ́lẹ̀ láàárín omi àti ọkọ̀. Ó ní bí omi bá fi lè kan igi yẹn kí n tó fọ ìdí ọkọ̀ kí n sì kùn ún, ìhòòhò lomi máa bá a, ìpẹtà á sì jẹ ẹ́ lu. Ọkọ̀ yẹn ló fi ń jẹun. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta péré ni.

Iyanrìn odò la kó. Òjò ti pa á, a sá a sóòrùn díẹ̀, a sì rọ ọ́ sínú àpò, a kó o wá sílé mi ní Lokongoma kí òjò má bàa tún pa á. Ẹ̀yìn ilé níbẹ̀ ni ìyàwó mi, ọmọ Ìjùmú, ti ń yan gàrí tà. Ó ki ọwọ́ bọ àpò kan, ó fún iyanrìn náà, ó ní kò tíì gbẹ. Mo rẹ́rìn-ín. Lójú àwọn ọkùnrin méjì tá a jọ ń ṣiṣẹ́, mo ní, "Iṣẹ́ ẹ̀rọ kì í ṣe iṣẹ́ gàrí." Ó padà sídìí agbada rẹ̀.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Lọ́jọ́ kejì, nọ́sù tu iyanrìn díẹ̀, ó húkọ́, ó dákẹ́. Mo tú u, ó tún dí. Mo fi afẹ́fẹ́ kún un, rọ́bà bẹ́. Mo bú ẹni tó ta nọ́sù fún mi, mo bú kọ̀ḿpírẹ́sọ̀. Títí di ọ̀sán, ibi tí mo fọ̀ ò ju ẹní ìkírun kan lọ. Nígbà tí mo wá fi ìka tẹ iyanrìn tó há sí ìbàdí nọ́sù, ó tutù. Bàbá ò bá mi wí. Igi rẹ̀ ló ń wò, omi ò sì ju ìgbésẹ̀ mẹ́rin sí i mọ́.

Mo wọ kẹ̀kẹ́ padà sílé, mo bẹ ìyàwó mi pé kó bá mi yan iyanrìn.

"Bàbá wọn," ló wí, "ṣé iṣẹ́ ẹ̀rọ ti wá di iṣẹ́ gàrí nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Mo jẹ̀bi. Má bínú."

Kò rẹ́rìn-ín. Agbada rẹ̀ ló ń wò. Ìyá rẹ̀ tó ti kú ló ni ín, òun ló fi yan gàrí tó fi tọ́ ọ dàgbà. Ó ní bí iyanrìn bá fi lè wọ inú rẹ̀, òun ò tún lè yan gàrí tà nínú rẹ̀ mọ́ láé, torí ẹyọ iyanrìn kan lẹ́nu oníbàárà ti tó láti ba orúkọ òun jẹ́. Mo ní mo máa wá agbada mìíràn. Ó ní níbo ni mo ti fẹ́ rí èyí tó tóbi tó o kí omi tó dé ìdí igi? Ó wá béèrè bóyá bàbá yẹn ní ọkọ̀ mìíràn. Mo ní kò ní.

Ó kó gàrí rẹ̀ kúrò, ó koná sí i.

Ó fi àkúfọ́ igbá ro iyanrìn náà títí kò fi lẹ̀ mọ́ra mọ́, ó fi ajọ̀ jọ̀ ọ́, àwa ń kó o lọ bó ṣe ń tutù. Mo de ìbòrí mi, mo ṣí afẹ́fẹ́. Nọ́sù ké, kò sì dákẹ́ mọ́. Irin funfun báláú ló ń yọ jáde lábẹ́ ìpẹtà. A fọ̀ ọ́, a kùn ún, ọ̀dà sì ti gbẹ kí omi tó kan igi bàbá. Odò Ọya fúnra rẹ̀ ló gbé ọkọ̀ náà kúrò nílẹ̀. Bàbá sunkún, èmi náà sì sunkún.

Agbada ìyá rẹ̀ ti di ohun èlò iṣẹ́ mi báyìí, kò sí iyanrìn tó ń wọ rọ́bà mi tí kò gba inú rẹ̀ kọjá. Mo ra tuntun fún ìyàwó mi. Ọwọ́ rẹ̀ ò mọ ibi tí èyí ti ń gbóná jù, àwọn oníbàárà sì ń dá gàrí padà. Gbogbo gàrí tó jóná nínú agbada tuntun yẹn, èmi ni mo jẹ ẹ́, oṣù méjì gbáko, mi ò sì sọ lọ́jọ́ kan pé ó korò.