Orin Tí Wọ́n Dá Sókè Jù

Ọmọbìnrin wa àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ni wọ́n jọ ń kọrin. Pálọ̀ wa ní Ẹ̀gbẹ́dá ni wọ́n ti ń ṣe ìdánrawò, débi pé èmi tí n kì í kọrin mọ gbogbo orin wọn sórí. Ìyàwó mi ló máa ń tún ohùn wọn ṣe, torí ó ti pẹ́ nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa. Àléébù kan ni ọmọ wa ní: bí ó bá dá orin fúnra rẹ̀, ó máa ń gbé e sókè jù.

"Ṣé ọ̀run lo fẹ́ ká ti lọ kọ ọ́ ni?" ni ìyá rẹ̀ máa ń bi í.

Nígbà tí wọ́n fi pè wọ́n sí eré kan ní gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan nítòsí Ìkòtún, àìsàn ti wọ ọ̀fun ìyàwó mi. Dókítà ní kò gbọdọ̀ kọrin mọ́ títí wọn yóò fi ṣiṣẹ́ abẹ fún un, bí ó bá fẹ́ kí ohùn kankan ṣẹ́ kù. Ọmọ mọ̀ pé ọ̀fun ń dun ìyá òun. A kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ fún un.

Láyé ìgbà yẹn, kásẹ́ẹ̀tì ni àwọn ọ̀dọ́ fi ń ṣeré. Ìlù á wà nínú rẹ̀, wọ́n á máa kọrin lé e. Orin wọn ò tíì dé ìdajì tí téèpù fi lọ́ mọ́ inú ẹ̀rọ. Ẹni tó ń bójú tó o fi bírò yí i, ó já.

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀ jàre," ẹnì kan wí lẹ́yìn. "Ṣé kásẹ́ẹ̀tì la wá wò ni?"

"Ẹ lọ ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá yín," ni èkejì wí.

Ọmọ wa dá orin náà. Ó gbé e sókè jù. Nígbà tí wọ́n dé ibi tó gòkè, ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta já, gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ti kẹ̀yìn, ó fẹ́ máa lọ.

Ìyàwó mi dìde láàárín èrò lẹ́yìn, níbi tí iná kò dé. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Dókítà ní..."

"Mo gbọ́ nígbà tó ń sọ ọ́, Dádì."

Ó dá orin náà nísàlẹ̀, níbi tó yẹ. Ohùn tó jáde dà bí ìgbà tí èèyàn bá ń wọ́ àga lórí sìmẹ́ǹtì. Àwọn obìnrin tó yí wa ká gbà á lẹ́nu rẹ̀, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, orin náà sì dé iwájú. Àwọn ọmọ náà bọ́ sínú rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ parí, wọ́n tún un kọ. Ẹni tó ní kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ń jó.

Ìyàwó mi jókòó. Ẹ̀jẹ̀ wà lára áńkáṣíìfù rẹ̀. Ó ká a, ó fi sínú báàgì.

Nígbà tí à ń lọ sílé, ẹnu ọmọ wa kò dákẹ́.

"Mọ́mì, ta ló gbé orin yẹn wálẹ̀ fún wa? Ohùn màmá kan ni, ó ha gan-an. Ẹ ò rí wọn ni?"

Ìyá rẹ̀ mi orí. Ó ń wo ojú mi bí ó ti ń mì í. Ọmọ wá kọjú sí mi.

"Dádì, ẹ̀yin ńkọ́?"

"N ò rí wọn," ni mo wí. "Ẹ̀yin fúnra yín lẹ kọ ọ́ parí."

Iṣẹ́ abẹ kò dá ohùn náà padà. N ò gbọ́ ọ mọ́ títí a fi sin ìyàwó mi.