Ìwo Màlúù Tí Mi Ò Rẹ Tó

Ìwo màlúù kì í ṣe ohun tí aláìnísùúrù ń fi ṣiṣẹ́ ọnà. Eegun wà nínú rẹ̀, ẹran sì máa ń lẹ̀ mọ́ eegun náà. Alápatà tó tà á fún mi ní ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù ní Oko Ọba ò ṣàì sọ fún mi: "Rẹ ẹ́ sómi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, eegun inú ẹ̀ á yọ fúnra ẹ̀. Tó o bá kánjú, imú ẹ á sọ fún ẹ." Mo ní mo ti gbọ́. Ọjọ́ márùn-ún ni mo fi rẹ ẹ́. Àwọn tí eegun wọn ò yọ, mo fi gọ́ọ̀mù dí wọn lẹ́nu, mo kùn wọ́n lọ́dà dúdú, mo fi wáyà so gbogbo wọn mọ́ irin tí mo ti jó pọ̀. Ó di àṣá ńlá tó na ìyẹ́ apá. Olùkọ́ wa wò ó títí, wọ́n ní, "Èyí dáa." Láti ọdún méjì tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ ọnà lọ́dọ̀ wọn, wọn ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí.

Gálárì kan nítòsí òpópónà Allen ni wọ́n ti pàtẹ iṣẹ́ wa fún ọ̀sẹ̀ kan. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ náà la gbé ère wọlé, àwa la ń gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò káàkiri, àwa náà la ń dúró ti ère kí àlejò má baà sọ ọ́ di tábìlì. Ọ̀gá kan gbé kọ́ọ̀bù lé orí ère amọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan ṣe. Mo gbé e kúrò, ó tún gbé e padà. Ọ̀gá mìíràn dúró níwájú tèmi.

"Adìẹ ni?"

"Rárá sà, àṣá ni."

"Ó jọ adìẹ."

Mo rẹ́rìn-ín, nítorí wọ́n ní ká máa rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ kẹta, ẹ̀rọ amúlétutù kọṣẹ́, ooru sì mú. Òórùn bẹ̀rẹ̀. Màdáámù tó ni gálárì pe ìyá tó ń bá wọn gbálẹ̀, ìyá Aládùúrà kan tó ń ti Abúlé Ẹ̀gbá wá láràárọ̀. "Ìyá, eku ló kú síbì kan. Ẹ ò gbálẹ̀ dé kọ̀rọ̀. Tí òórùn yìí bá ṣì wà níbí ní Sátidé, kẹ́ ẹ má wulẹ̀ wá mọ́."

Mo ti mọ̀ nígbà yẹn. Mo ti rí eṣinṣin tó ń jáde látinú ìwo kan. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Sátidé yẹn náà ni olùkọ́ wa máa wá fún wa ní máàkì, mo bá panu mọ́. Èyí tó burú jù ni pé mo bá Ìyá wá eku. Wọ́n fi àyà fà lábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, èmi ń tan tọ́ọ̀ṣì fún wọn.

Ní àárọ̀ Sátidé, mo bá Ìyá tí wọ́n ń bu omi àdúrà wọ́n igun yàrá. Wọ́n dé iwájú àṣá mi, wọ́n ní kí Olúwa má jẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn. Wọ́n yíjú sí mi. "Ṣe àmín." Mo ṣe àmín. Gbogbo ẹ̀ wá sú mi pátápátá, àní èmi fúnra mi ni mo sú ara mi.

"Mà, kì í ṣe eku. Ère mi ni."

Wọ́n wo ère, wọ́n wò mí. "Ìwọ yìí náà lo tan iná fún mi lábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù?"

"Ẹ má bínú, mà."

"Inú ò bí mi. Ẹ̀yìn ló ń dùn mí. Lọ sọ fún ẹni tó fẹ́ lé mi."

Bí Màdáámù ṣe ń wọlé ni mo sọ fún wọn. Wọ́n ní kí n gbé e jáde kíá. Nígbà tí olùkọ́ wa dé, ẹ̀yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀, ni wọ́n ti bá àṣá mi. Wọ́n di imú mú, wọ́n kọ nǹkan sínú ìwé, wọn ò jẹ́ kí n rí i.

Màdáámù ò bẹ Ìyá. Ohun tí wọ́n sọ ò ju pé, "Ìyá, ẹ bá wa nu ibi tí ère yẹn dúró sí." Mo nawọ́ kí n gba aṣọ ìnulẹ̀. Ìyá gbá ọwọ́ mi kúrò.

"Fi í sílẹ̀. Iṣẹ́ mi ni."