Fẹ́ńdà Ìka Méjì

Níbi àfihàn mọ́tò àtijọ́ n'Íkẹjà, wọ́n kọ orúkọ ẹni tó ra mọ́tò kan síwájú ẹ̀, ẹni tó kùn ún àti ẹni tó fọ̀ ọ́ pàápàá, wọn ò kọ ti bàbá mi tó tún páànù ara ẹ̀ ṣe.

Òórùn ọ̀dà ara mọ́tò náà ló gbé mi padà sí ṣọ́ọ̀bù bàbá mi l'Ágége, níbi tí wọ́n ti ń na páànù mọ́tò. Mọ́tò Amẹ́ríkà onílẹ̀kùn méjì ni, ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ń bú ramúramù. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà èwe mi, bàbá mi ní kí n dijú, kí n fọwọ́ ra fẹ́ńdà ẹ̀yìn.

"Àbẹ̀kẹ́, ibo la ti fi iná jó o pọ̀?"

Mo wá a títí, mi ò rí i. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n wá fi àtàǹpàkò mi tẹ bọ́dì fílà tútù, ohun tí wọ́n fi ń dí ojú páànù, lábẹ́ rọ́bà ilẹ̀kùn ọ̀tún.

Onímọ́tò dé, ó yí mọ́tò po lẹ́ẹ̀mejì. "Bàbá Àbẹ̀kẹ́, ìgbà wo lẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ gan-an?"

"Ẹ wo tàyà ńlá tẹ́ ẹ rà, ọ̀gá. Ṣé ó ń wọlé tẹ́lẹ̀?"

Tàyà ti wọlé wẹ́kú. Ìwọ̀n ìka méjì péré ni bàbá mi fi fẹ fẹ́ńdà náà sí i. Onímọ́tò rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Èmi rò pé idán ni. Mi ò tíì mọ̀ pé iṣẹ́ tó bá dára débi tí ojú ò rí i, wọ́n máa ń gbàgbé ẹni tó ṣe é.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣètò àfihàn yìí, ẹ ká rọ́bà ilẹ̀kùn ọ̀tún sókè, àmì àtàǹpàkò mi wà níbẹ̀. Ta ló ní kẹ́ ẹ fo orúkọ bàbá mi dá, kí sì ni ìdí ẹ̀?