Òkè Tí Mo Wó Sínú Adágún

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka èyí, ta ló ti wó odindi òkè rí nínú yín kó tó jẹun ọ̀sán? Èmi ti ṣe é o.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí school ni, gbogbo geography tó wà lórí mi ò kún ṣíbí. Àǹtí Bùkọ́lá tá a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ní kí n wá ṣe trial ọ̀sẹ̀ kan ní ṣọ́ọ̀bù òun ní Newton Heath nílùú òyìnbó níbí, níbi tí wọ́n ti ń fi pílásítà mọ òkè àti odò fáwọn school. Tí mo bá ṣe dáadáa, iṣẹ́ di tèmi. Tí mi ò bá ṣe dáadáa, ó di orí sófà mọ́mì mi.

Òkè ayọnáyèéfín tó wà létí adágún ni wọ́n fún mi. Àǹtí ṣàlàyé: "Eérú á bọ́ sílẹ̀, òkúta yíyọ́ á ṣàn bò ó, eérú á tún bọ́ lé e. Bó ṣe ń ga nìyẹn. Tó o bá da ìpele kan, jẹ́ kó gbẹ kó o tó da òmíì. Ṣó yé ẹ?"

"Yes, ma."

Ta ló fẹ́ sọ fún àgbàlagbà pé kò yé òun? Ìpele mẹ́sàn-án ni mo dà láàárín wákàtí kan, mo tún ń yin ara mi pé ọwọ́ mi yá.

Ní Friday, nígbà tó ku díẹ̀ kí tíṣà kan láti school tó ni ín ní Wigan wá gbé e, mo bu omi sínú adágún. Gbùà! Ẹ̀gbẹ́ òkè kan ya wọ inú omi.

"Káyọ̀dé, ṣé o jẹ́ kó gbẹ?"

"Yes, m... Rárá, ma. Láti Monday ni ò ti yé mi."

Àǹtí wo àwọn èérún tó yọrí lójú omi, ló bá bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ yìí! Bí òkè gidi ṣe ń ya nìyí. Àwọn tó yọrí yẹn, erékùṣù nìyẹn. Wo ibi tó ti ya."

Mo wò ó: eérú, òkúta, eérú, bíi bùrẹ́dì tí wọ́n gé. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé mi!

"Sọ ọ́ kí n gbọ́."

Mo ń sọ ọ́ lọ, pílásítà nímú, mi ò mọ̀ pé tíṣà ti dé ẹ̀yìn mi. Ó ní òun fẹ́ bá Àǹtí sọ̀rọ̀ níta. Wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Èmi rèé, mò ń tẹ èyí sórí fóònù. Tí wọ́n bá lé mi, ẹ ṣáà bá mi sọ fún mọ́mì mi pé...

"Káyọ̀dé! Wọ coat ẹ! Gbé òkè ẹ bó ṣe ya yẹn, tíṣà ní ìwọ lo máa ṣàlàyé ẹ̀ fáwọn ọmọ ní Wigan!"

Mò ń bọ̀, ma!